Ọwọ́ Tó Mọ Ìwé Tò Sínú Ẹ̀rọ

Ọmọ Èjìgbò tó ń gbé Treichville mọ bí ẹrù ìwé ṣe ń wúwo láti Ọ̀ṣun dé Abidjan. Ìdí nìyí tí mo fi ń yin ẹni tó mọ Calibre lò, ètò ọ̀fẹ́ fún títo ìwé orí ẹ̀rọ, tí Kovid Goyal bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2006.

Irú ẹni bẹ́ẹ̀ kì í kánjú. Kí ìwé tó kúrò lórí kọ̀ǹpútà, yóò ti tún orúkọ rẹ̀ ṣe. Bernard Dadié ni yóò kọ sí ara ìwé Climbié, kì í ṣe «B. Dadie» lónìí, «DADIÉ» lọ́la, kí ẹ̀rọ má baà sọ òǹkọ̀wé kan di mẹ́ta. Bó bá jẹ́ ìwé Yorùbá, á yẹ lẹ́tà inú rẹ̀ wò, kí ẹ, ọ àti ṣ má baà di àpótí òfìfo. Èyí ni mo mọrírì jù, nítorí ìwé tí àmì rẹ̀ sọnù ti sọ ìtumọ̀ nù.

Lẹ́yìn náà ló ń fi fáìlì EPUB ránṣẹ́ sórí ẹ̀rọ ìkàwé Kobo àti fóònù, tí ètò ìkàwé KOReader wà lórí àwọn méjèèjì. Ibi tí a kàwé dé ni KOReader ń gbé láti ẹ̀rọ kan sí òmíràn, kì í gbé ìwé fúnra rẹ̀. Bí a kò bá yí ètò rẹ̀ padà, ohun tó wà nínú fáìlì ló fi ń dá ìwé mọ̀. Nítorí náà, ọ̀jáfáfá á parí àtúnṣe pátápátá, kó tó pín ẹ̀dà kan náà káàkiri. Ẹni tó kàwé lórí fóònù nínú ọkọ̀ gbaka láàárọ̀ lè wá bá a lọ lórí Kobo ní Yopougon lálẹ́, láìwá ojú ewé kankan.