Ẹ Wo Inú Rírán Náà

Ẹni tó bá fẹ́ mọ télọ̀ tó mọṣẹ́, á yí aṣọ sódì, á wo inú rírán rẹ̀. Ojú yẹn ló yẹ ká fi wo iṣẹ́ àwọn tí wọ́n ń pè ní Mediengestalter ní ilẹ̀ Jámánì, àwọn tó ń to ọ̀rọ̀ àti àwòrán jọ, ìbáà jẹ́ orí bébà ló ń lọ tàbí orí fóònù.

Láti ọdún 1998 ni iṣẹ́ yìí ti wà bẹ́ẹ̀. Kó tó di ìgbà náà, ọ̀tọ̀ lẹni tó ń to lẹ́tà, ọ̀tọ̀ lẹni tó ń ṣètò àwòrán fún ẹ̀rọ ìtẹ̀wé; kọ̀ǹpútà ló kó gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́ ẹnì kan. Ọdún 3 lọmọṣẹ́ fi ń kọ́ ọ. Ó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ ọ̀gá níléeṣẹ́, wọ́n ń sanwó fún un, ó sì tún ń lọ sílé ẹ̀kọ́. Ìdánwò kan wà láàárín, òmíràn wà níparí. Ìgbìmọ̀ kan ní ìlú Kassel ló ń ṣètò ìbéèrè fún gbogbo orílẹ̀-èdè.

Ẹ jẹ́ ká mú àkọlé kan ṣoṣo yẹ̀ wò. Ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ á kàn sọ lẹ́tà di ńlá, á mú un dúdú, ó parí. Tó bá jẹ́ bébà ni, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Ẹni tó kọ́ṣẹ́ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Á fi ye kọ̀ǹpútà pé àkọlé àgbà nìyí, àkọlé kékeré abẹ́ rẹ̀ nìyí, ọ̀rọ̀ gan-an nìyí. Nígbà tí ìwé náà bá wá bọ́ sórí fóònù, tí òǹkàwé ń mú lẹ́tà tóbi bó ṣe wù ú, àkọlé ò ní sọnù sáàárín ọ̀rọ̀. Afọ́jú tí fóònù ń kàwé sí létí á lè ti orí kan bọ́ sí òmíràn láìtẹ́tí sí gbogbo ohun tó wà láàárín. Láti ọjọ́ 28 oṣù kẹfà ọdún 2025, òfin àjọ ilẹ̀ Yúróòpù ti ń béèrè irú ètò yìí lọ́wọ́ àwọn tó ń ta ìwé orí ẹ̀rọ.

Ẹ tún wo lẹ́tà dúdú. Íǹkì 4 ni wọ́n sábà fi ń tẹ ìwé aláwọ̀: búlúù, pupa, yẹ́lò àti dúdú, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ń tẹ̀ lé ara wọn ni. Bí wọ́n bá po mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láti fi tẹ lẹ́tà kékeré, tí bébà wá yẹ̀ díẹ̀, etí lẹ́tà á máa ṣe bàìbàì, á ní pupa tàbí búlúù lára. Ìdí nìyẹn tí ọmọṣẹ́ fi ń yẹ̀ ẹ́ wò pé íǹkì dúdú nìkan ló wà nínú lẹ́tà rẹ̀. Àwòrán tó bá kan etí ìwé, á fà á kọjá ojú ìgé ní mílímítà 3, kí ọ̀bẹ tó bá ṣì í gé díẹ̀ má baà fi funfun sílẹ̀ létí.

Oníbàárà ò lè rí èyíkéyìí nínú ìwọ̀nyí lójú kọ̀ǹpútà, àfi ìgbà tó bá bàjẹ́. Ohun tó mú kí ìwé ẹ̀rí níyì nìyẹn: ẹni tó mọṣẹ́ ti yẹ ọwọ́ ọmọṣẹ́ wò ṣáájú oníbàárà. Ní Mainz, ìlú Gutenberg, bàbá iṣẹ́ ìtẹ̀wé, gbangba ni wọ́n ti ń ṣe fírídọ̀mù àwọn ọmọṣẹ́ nígbà ọdún Johannisfest: wọ́n á ri ẹni tó yege sínú ọpọ́n omi, pé kí gbogbo àṣìṣe ìgbà ìkọ́ṣẹ́ ṣàn lọ.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa náà. Kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà kan fún lẹ́tà ẹ, ṣùgbọ́n kò ní nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ẹ́ tó ní àmì ohùn lórí. Àmì ohùn ní nọ́ńbà tirẹ̀, ṣe ló ń gun lẹ́tà náà. Bí fọ́ǹtì kò bá mọ̀ ọ́n gbé, àmì á yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó di àpótí òfìfo. Yaba College of Technology ní Èkó ń kọ́ni níṣẹ́ ìtẹ̀wé; ó yẹ kí títo lẹ́tà Yorùbá fún bébà àti fóònù jẹ́ ìdánwò tí ọmọṣẹ́ wa gbọ́dọ̀ yege. Ẹni tó ń wo gbogbo àmì lórí bébà, tó tún wò ó lórí fóònù kó tó sọ pé iṣẹ́ parí, ń bọ̀wọ̀ fún èdè yìí, ó sì yẹ kí ìwé ẹ̀rí gidi jẹ́rìí rẹ̀.