« Kì í ṣe gbogbo ibà ni ibà »: Àyẹ̀wò èdè nínú ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì

Ní ọdún 2001, ilé ẹ̀kọ́ gíga MIT ní Amẹ́ríkà kéde pé òun yóò gbé ohun èlò ìkọ́ni òun sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé lọ́fẹ̀ẹ́. Ní 2002, níbi ìpàdé kan tí UNESCO pè, ni wọ́n ti fún irú ohun èlò bẹ́ẹ̀ ní orúkọ tí a mọ̀ ọ́n sí dòní, Open Educational Resources. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2006, Open University ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá OpenLearn sílẹ̀. Ẹni tó bá ní fóònù ní Kétu, ní Ṣábẹ̀ tàbí ní Àjàṣẹ́ lè ka ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ, ìlera àti iṣẹ́ olùkọ́ níbẹ̀, láìsan ju owó íntánẹ́ẹ̀tì lọ. Ohun tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni ibi tí ọ̀fẹ́ náà parí sí.

Ká kọ́kọ́ sọ ohun tó dára. Wọ́n gé àwọn ẹ̀kọ́ náà sí wẹ́wẹ́, ìbéèrè sì wà láàrin wọn tí akẹ́kọ̀ọ́ fi ń dán ara rẹ̀ wò. Èyí tó kàn wá jù ni TESSA, tí a ṣe fún àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Áfíríkà. Èdè mẹ́rin ló wà fún un: Gẹ̀ẹ́sì, Faransé, Lárúbáwá àti Kiswahili. TESSA kì í da àlàyé lé olùkọ́ lórí lásán; iṣẹ́ ni ó ń fún un ṣe nínú kíláàsì. Nínú apá tó jẹ mọ́ ìwé kíkà àti kíkọ, ó rọ olùkọ́ pé kí ó jẹ́ kí ohùn àwọn ará àdúgbò wọ kíláàsì, kí ìtàn àti ọgbọ́n wọn di ohun tí a fi ń kọ́ ọmọ.

Ibẹ̀ gan-an ni àbùkù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Bí a bá pe ìyá àgbà kan ní Kétu wá sí kíláàsì, Yorùbá ni yóò fi pa àlọ́. Faransé ni olùkọ́ sì fi ka ohun tí yóò ṣe sí àlọ́ náà. Àwọn kan lè sọ pé kò sí wàhálà níbẹ̀, nítorí olùkọ́ gbọ́ Faransé. Òótọ́ ni, ó gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbígbọ́ ni ìṣòro, títún un sọ ni. Ẹ̀kọ́ tí a kà nípa ìlera, àwùjọ tàbí ìkọ́ni kì í dúró sọ́dọ̀ ẹni tó kà á. Ó gbọ́dọ̀ ti ẹnu rẹ̀ dé etí ẹlòmíràn. Ìrìn kejì yìí ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ náà kò bá a rìn.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìlera. Lábẹ́ ètò HEAT, Open University àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe ìwé ẹ̀kọ́ 13 fún àwọn òṣìṣẹ́ ìlera àdúgbò ní Ethiópíà. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ wọ́n, bẹ́ẹ̀ sì ni èdè ìlú ni òṣìṣẹ́ yóò fi bá onílé sọ̀rọ̀. Ká ní a fẹ́ lo irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa. Gbólóhùn kan wà tí a kò lè yẹ̀ sílẹ̀: « Toute fièvre n'est pas un paludisme. » Láti 2010 ni àjọ ìlera àgbáyé ti ń sọ pé kí a ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kí a tó lo oògùn. Nísinsìnyí, ẹ sọ gbólóhùn yẹn ní Yorùbá. Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ wá síni lẹ́nu fún « fièvre » ni ibà. Èyí tó wá fún « paludisme » náà ni ibà. A wá ní « Kì í ṣe gbogbo ibà ni ibà ». Ìyá ọmọ tó gbọ́ èyí yóò rẹ́rìn-ín, yóò sì lọ ra oògùn tó ti ń rà tẹ́lẹ̀.

Kì í ṣe pé ọ̀rọ̀ wọ́n wa. A ní ara gbígbóná, a ní ibà ẹ̀fọn, a ní ibà pọ́njú. Ibi tí èdè wa ti la ààlà ló yàtọ̀ sí ibi tí Faransé là á sí. « Kì í ṣe gbogbo ara gbígbóná ni ibà ẹ̀fọn » yóò yé ìyá náà. Ṣùgbọ́n ẹnìkan gbọ́dọ̀ jókòó yan ọ̀rọ̀ méjèèjì, kí a sì máa lò wọ́n bákan náà láti ojú ìwé kìíní dé ìparí. Bí a bá fi èyí sílẹ̀ fún olúkúlùkù òṣìṣẹ́, ọ̀nà tí yóò gbà sọ ọ́ lónìí lè yàtọ̀ sí tọ̀la.

Ọ̀rọ̀ àkọtọ́ tún wà ńbẹ̀. Ní Benin, ɛ àti ɔ ni álífábẹ́ẹ̀tì àwọn èdè orílẹ̀-èdè ń lò níbi tí ìwé Nàìjíríà ti ń kọ ẹ àti ọ. Kp la sì ń kọ níbi tí wọ́n ti ń kọ p. Ìwé tí a bá tú sí Yorùbá ní Ìbàdàn kò ní rọrùn láti kà fún ẹni tó kọ́ ìwé ní kíláàsì àgbà ní Ṣábẹ̀, ká má tíì sọ ti Ifẹ̀ ní agbègbè Atakpamé. Ní tiwa, kí a gba ohùn sílẹ̀ ṣáájú kí a tó kọ ọ́, nítorí ohùn kò bèèrè álífábẹ́ẹ̀tì.

Ta ni yóò ṣe é? OpenLearn ní ẹ̀kọ́ ní èdè Welsh, èyí tó fi hàn pé èdè kékeré kì í ṣe ìdíwọ́ níbi tí a bá ti rí ẹni ṣiṣẹ́. Ìyọ̀ǹda TESSA gba ẹnikẹ́ni láàyè láti túmọ̀ rẹ̀, kí ó sì yí i padà, bí ó bá ti dárúkọ ẹni tó ni ín, tó sì fi àtúnṣe rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹlòmíràn lọ́nà kan náà. Nítorí náà, ẹ̀bi náà kì í ṣe tiwọn nìkan. Ilẹ̀kùn ti ṣí, àwa ni a kò tíì wọlé.

Àbá wa kò ju ẹyọ kan lọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ ẹ̀ka wa mú ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo, kí ó to ọ̀rọ̀-ìperí rẹ̀ jọ, kí ó túmọ̀ rẹ̀, kí ó kà á fún ìyá ọmọ kan tí kò ka ìwé rí, kí ó sì ní kí ìyá náà tún un sọ fún òun. Ohun tí ìyá náà bá sọ ni ìdánwò ìtumọ̀ wa.