Òrùka Inú Iyanrìn

Ó ti pẹ́ tí mo ti kúrò lábẹ́ ọ̀gá mi obìnrin ní ìlú Perth, síbẹ̀ nígbàkúùgbà tí mo bá tẹjú mọ́ máíkíróskóòpù, ohùn wọn ni mo ń gbọ́: "Má tíì fọwọ́ kàn án, kọ́kọ́ kà á ná."

Zircon là ń kà, ọmọ iná, abódò-yí-má-fọ́, ẹyọ òkúta tí kò tó orí abẹ́rẹ́, tí odò àtijọ́ kó jọ sí Jack Hills ní Ìwọ̀-oòrùn Ọsirélíà ní nǹkan bí bílíọ̀nù 3 ọdún sẹ́yìn. Nínú wọn ni onímọ̀ ilẹ̀ Simon Wilde àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kéde ní ọdún 2001 pé ọ̀kan ti lo bílíọ̀nù 4.4 ọdún láyé. Òkúta tó bí i ti rà, ó ti di ẹrẹ̀. Ọmọ ló kù tó ń ki bàbá.

Ibi tí a ó fi ìmọ́lẹ̀ laser sọ gan-an ni ọgbọ́n wà. Ìpele ìpele bí àlùbọ́sà ni zircon ń dàgbà, inú rẹ̀ lè jẹ́ ti ayé kan, kí èèpo rẹ̀ jẹ́ ti iná mìíràn tó dé lẹ́yìn àìmọye ọdún. Ojú lásán kò sì lè rí i, àfi bí a bá fi ìtànṣán ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lù ú tí àwọn òrùka rẹ̀ fi tàn. Uranium tó di òjé ló ń sọ ọjọ́ ìbí. Hafnium ló ń sọ ìdílé. Lutetium ní í máa di hafnium 176 díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n zircon kì í gba lutetium tó nǹkan sára, nítorí náà hafnium ọjọ́ ìbí rẹ̀ ló ṣì gbé dání. Bí ìwọ̀n 176 yìí sí ìbejì rẹ̀, 177, bá rẹlẹ̀ ju ti ìsàlẹ̀ ilẹ̀ gbígbóná ìgbà náà lọ, a mọ̀ pé ilẹ̀ àgbà kan, tó ti yapa kúrò níbẹ̀ tipẹ́, ló tún yọ́ tó bí i. Ṣùgbọ́n bí ihò tí laser gbẹ́ fún òjé bá wà lára èèpo, tí ihò hafnium, tó sábà máa ń fẹ̀ jù ú, bá wọ inú lọ, ọjọ́ ìbí ọmọ la fi sọrí bàbá yẹn, ilẹ̀ tí kò sí rí la ó sì máa kéde.

Ó ń dùn mí dé ọkàn bí mo bá rí àwọn tó ń to ọgọ́rọ̀ọ̀rún ihò sílẹ̀ fún ẹ̀rọ kí wọ́n tó lọ sùn, láìwo òrùka kan ṣoṣo, bí ẹni pé ìkánjú lè lá ọbẹ̀ gbígbóná.

Lọ́jọ́ tí mo rò pé mo ti mọ iṣẹ́, mo fi àmì sí àárín ẹyọ kan, mo sì pe ọ̀gá mi. Wọ́n wò ó títí tíì wọn fi tutù, wọ́n wá sún àmì náà sápá òsì, kò ju ìdá mẹ́rin fífẹ̀ irun orí lọ. Mo tún àwòrán náà wò, mo sì rí ìlà tóóró aláwọ̀ eérú kan tó gba abẹ́ àmì tèmi kọjá.