Dáìsì Ò Mọ Ọ̀nà Láńgbòdó

Eré kan wà tí àwọn kan nínú wa ń ṣe. Wọ́n á jókòó yí tábìlì ká, ẹnì kan á di apàlọ́, àwọn yòókù á di ọdẹ, jagunjagun tàbí oníṣègùn inú àlọ́ náà. Bí ọ̀rọ̀ bá dójú ẹ̀, wọ́n á ju dáìsì. Dungeons & Dragons ni ìyá irú eré yìí; Gary Gygax àti Dave Arneson ló ṣe é, ó sì jáde ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1974. Mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìrìn-àjò inú rẹ̀ ló ń sú mi.

Ìwé òfin ti 1974 ní kí wọ́n lo máàpù eré mìíràn, Outdoor Survival. Máàpù ọ̀hún dà bí afárá oyin, ojú kọ̀ọ̀kan dúró fún nǹkan bíi máìlì 5. Lójoojúmọ́, ẹ ó ju dáìsì bóyá ẹ ṣìnà, ẹ ó tún un jù bóyá nǹkan burúkú yọ sí yín. Ṣé ìtàn nìyẹn àbí ìwé ìṣirò? Ẹ ó pa ìkookò tí kò kan ibi tí ẹ̀ ń lọ, tí ẹnikẹ́ni ò ní rántí lọ́la. Àwọn apàlọ́ mìíràn á kàn ní, "Ó yá, ẹ ti dé." Ìyẹn náà ò dáa. Bí ọ̀nà ò bá gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa, kí la kúrò nílé fún?

Ẹ wá wo Fágúnwà, nínú Ògbójú Ọdẹ Nínú Igbó Irúnmalẹ̀ (1938). Ọba rán Àkàrà-oògùn àti àwọn akọni sí Òkè Láńgbòdó. Fágúnwà ò ka máìlì, àwọn arìnrìn-àjò ló kọ́kọ́ tò fún wa: Kàkó oníkùmọ̀ ẹkùn, Ìmọ̀dòye ọlọ́gbọ́n, Olóhùn-iyọ̀ akọrin, Ẹ̀fọ̀ìyẹ̀ tafàtafà, Ẹlẹ́gbèdè-ọdẹ tó gbọ́ èdè ẹranko. Ọgbọ́n ibẹ̀ nìyẹn o! Agbára wọn ò jọra, nítorí náà ìdènà kan ò lè jọ èkejì. Ibi tí kùmọ̀ ò ti ràn, ohùn lè ràn án.

Kí wọ́n tó lọ gan-an, obìnrin Kàkó rọ̀ mọ́ ọn pé kò ní lọ. Kàkó pa á. Inú mi ò dùn sí ibẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá kà á mọ ohun tí àjò náà ná wọn kí ẹsẹ̀ tó kan ọ̀nà.

Ìgbà náà ò dọ́gba. Ó lè fò ọ̀nà jíjìn kọjá. Nílé Ìràgbèje, ọjọ́ 7 ló fi jókòó lójú kan. (Ìwàásù ibẹ̀ pọ̀ jù. Lórí tábìlì, gbogbo wa á ti sùn.)

Ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì ní Jojú lọ sí Abẹ́òkúta mọ èyí. Bí ọkọ̀ bá ń sáré, Ifọ̀, Papalantó àti Ìtórí kàn jẹ́ orúkọ lásán. Àmọ́ kí táyà bẹ́ ní Papalantó! Ẹ ó mọ ẹni tó lówó lápò, ẹni tó mọ ọ̀nà ẹ̀yìn, àti ẹni tó kàn ń bá kọ̀ndọ́ jà.

Nítorí náà, ẹ̀yin apàlọ́ wa, ẹ kọ orúkọ àwọn òṣèré yín sílẹ̀. Fún ẹnì kọ̀ọ̀kan, ẹ wá ibì kan lójú ọ̀nà tí òun nìkan lè ṣí, àti nǹkan kan tí ibẹ̀ á gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Gbólóhùn kan tó fún ìyókù. Ẹ tọ́jú dáìsì yín di ìgbà tí Àgbákò bá yọ.