Àwọn Tó Ń Tọ́jú Gọ̀rílà Bwindi

Ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn orílẹ̀-èdè Uganda, nítòsí ẹnubodè Congo, igbó kan wà tí wọ́n ń pè ní Bwindi. Òkè gorí òkè níbẹ̀. Àfonífojì rẹ̀ jìn, ewé àti ìtàkùn rẹ̀ sì so kọ́ra débi pé àdá ni wọ́n fi ń lànà kí ẹsẹ̀ tó ráyè gbà. Ìkùukùu a máa bo orí òkè láàárọ̀, òjò a máa rọ̀, ilẹ̀ a sì máa yọ̀. Gbogbo igbó náà kò ju nǹkan bí 330 kìlómítà níbùú lóròó lọ. Lọ́dún 1991 ni ìjọba sọ ọ́ di ọgbà ẹranko orílẹ̀-èdè. Nígbà tó di 1994, àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn ibi àjogúnbá gbogbo ayé. Ní ọ̀pọ̀ ibi, oko àti igbó fẹnu kora ni. Ibi tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbẹ̀ parí sí gan-an ni igbó ti bẹ̀rẹ̀. Ìsúnmọ́ra yìí ló bí iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀, òun ló sì sọ àwọn tó ń ṣe é di ẹni àpọ́nlé.

Àwọn gọ̀rílà orí òkè tó ń gbé inú igbó yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì gbogbo èyí tó kù láyé. Àwọn yòókù wà lórí àwọn òkè Virunga, níbi tí Uganda, Rwanda àti Congo ti pààlà. Ẹni tó bá fojú kan akọ àgbà láàárín wọn yóò mọ̀ pé olórí lòun rí. Irun ẹ̀yìn rẹ̀ á ti di aláwọ̀ fàdákà, àyà rẹ̀ á gbòòrò, ara rẹ̀ sì lè wọn 160 kìlógíráàmù tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Síbẹ̀, ewé, ọ̀mùnú igi àti èso ni oúnjẹ rẹ̀. Òun ló ń pinnu ibi tí agbo yóò ti jẹun àti ibi tí wọn yóò sùn sí. Bí ewu bá dé, òun ni yóò bọ́ síwájú, tí yóò máa fọwọ́ lu àyà. Àwọn ọmọ kéékèèké a máa gùn ún lẹ́yìn ṣeré, òun náà a sì máa gbà fún wọn. Oṣù mẹ́jọ àti ààbọ̀ ni abo fi ń lóyún, ó sì máa ń tó bí ọdún mẹ́rin kó tó bí òmíràn. Bí ẹyọ kan bá kú, ó máa ń pẹ́ gan-an kí àyè rẹ̀ tó dí. Lálaalẹ́, olúkúlùkù wọn á ṣẹ́ ewé, á fi tẹ́ ìtẹ́ tirẹ̀. Ọmọ tó ṣì ń mu ọmú nìkan ló ń bá ìyá rẹ̀ sùn.

Àwọn tó mọ̀ wọ́n jù ni àwọn ẹ̀ṣọ́ igbó àti àwọn atọpasẹ̀. Ní kùtù òwúrọ̀, wọ́n á forí lé ibi tí wọ́n fi agbo sí lánàá. Wọ́n á máa wo ewé tó ṣẹ́, ìgbẹ́ tútù àti ojú ẹsẹ̀, títí wọn yóò fi dé ibi tí agbo sùn mọ́jú. Wọ́n á ka ìtẹ́ kí wọ́n lè mọ̀ bóyá agbo pé. Imú ni wọ́n fi ń dá gọ̀rílà kọ̀ọ̀kan mọ̀, nítorí ìlà tó wà lórí imú ọ̀kan kò jọ ti èkejì. Àwọn náà ló ń jẹ́ kí gọ̀rílà fara mọ́ èèyàn. Ojoojúmọ́ ni wọ́n máa ń lọ jókòó lókèèrè, tí wọn yóò máa hùn bí gọ̀rílà ti ń hùn, títí agbo yóò fi gbà pé ìkà kò sí nínú wọn. Èyí lè gba ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Agbo Mubare ló kọ́kọ́ fara mọ́ èèyàn ní Bwindi, ọdún 1993 sì ni àwọn arìnrìn-àjò afẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í wá wò ó. Títí dòní, àlejò mẹ́jọ péré ni wọ́n ń gbà láyè lọ́dọ̀ agbo kan lóòjọ́, fún wákàtí kan. Owó tí wọ́n ń san ló ń bọ́ ọgbà náà, apá kan rẹ̀ sì ń padà sọ́dọ̀ àwọn ará abúlé.

Ṣùgbọ́n ìfaramọ́ra yìí ní ewu tirẹ̀. Ohun àbínibí tó ń gbé nínú ẹ̀jẹ̀ àti ara gọ̀rílà bá tiwa mu ju ìdá 98 nínú 100 lọ. Àìsàn tó ń ṣe wá lè ṣe wọ́n, òtútù lásán tó ń mú wa sín sì lè pa wọ́n. Lọ́dún 1996, ìròyìn kàn pé irun ń re lára àwọn gọ̀rílà kan ní Bwindi, awọ wọn sì ń funfun. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di dókítà ẹranko igbó àkọ́kọ́ lábẹ́ àjọ ọgbà ẹranko Uganda ló lọ wò wọ́n. Orúkọ rẹ̀ ni Gladys Kalema-Zikusoka. Ó rí i pé scabies ni, àrùn tí kòkòrò tín-ń-tín kan ń fà nígbà tó bá gbẹ́ ihò sábẹ́ awọ. Ọmọ gọ̀rílà kan kú nínú rẹ̀. Àwọn tó kù gba ìtọ́jú, ara wọn sì yá. Nígbà tí wọ́n tọ orísun àrùn náà lọ, ọ̀dọ̀ èèyàn ni ó forí sọ. Àwọn gọ̀rílà a máa jáde wá jẹ ọ̀mùnú ọ̀gẹ̀dẹ̀ lóko, àwọn àgbẹ̀ a sì máa fi aṣọ àkísà wọ igi kó lè dà bí èèyàn tó dúró, láti fi lé ẹranko. Irú aṣọ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n gbà pé ó kó àrùn ran àwọn gọ̀rílà. Ohun tó bá ojú ti bá imú.

Ìyá tó tọ́ ọmọbìnrin yìí kò ṣeé gbàgbé. Ọmọdé jòjòló ni Gladys nígbà tí àwọn ọmọ ogun Idi Amin, ààrẹ Uganda nígbà náà, gbé bàbá rẹ̀, William Kalema, lọ ní 1972, tí ẹnikẹ́ni kò sì rí i mọ́. Ìyá rẹ̀, Rhoda Kalema, ló tọ́ àwọn ọmọ náà dàgbà, òun náà sì wà lára àwọn obìnrin tó kọ́kọ́ gbajúmọ̀ nínú ìṣèlú Uganda. Nílé ẹ̀kọ́ girama ní Kibuli, Gladys sọ ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ràn ẹranko igbó dọ̀tun, ó sì kó wọn lọ wo ẹranko níbùgbé wọn. Ó lọ kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ẹranko ní London, ó sì padà wálé. Ẹ̀yin olùkọ́ tó ń dá ẹgbẹ́ sílẹ̀ níléèwé, ẹ kíyè sí èyí. Kékeré la ti ń pẹ̀ka ìrókò.

Ohun tí ọmọ gọ̀rílà tó kú yẹn kọ́ Dókítà Gladys ló yí ọ̀nà iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ó ṣàkíyèsí pé ẹni tó bá fẹ́ dá gọ̀rílà sí kò lè fojú fo àgbẹ̀ tó múlé ti igbó. Ìlú tí ilé ìwòsàn jìnnà sí, tí omi kò tó, tí ṣáláńgá ṣọ̀wọ́n, àrùn ibẹ̀ kò ní dúró sínú ilé. Lọ́dún 2003, òun àti ọkọ rẹ̀, Lawrence Zikusoka, pẹ̀lú Stephen Rubanga, dá àjọ kan sílẹ̀ tí wọ́n pè ní Conservation Through Public Health, èyí tó ń tọ́jú ìlera èèyàn, ẹran ọ̀sìn àti gọ̀rílà pa pọ̀.

Iṣẹ́ náà kò ní ariwo. Àwọn òṣìṣẹ́ wọn a máa mú díẹ̀ nínú ìgbẹ́ tí gọ̀rílà yà sínú ìtẹ́, wọ́n á gbé e wá sí yàrá àyẹ̀wò tó wà lẹ́bàá igbó, wọ́n á wo irú aràn àti kòkòrò tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n á tún yẹ ti màlúù àti ewúrẹ́ àwọn ará abúlé wò. Bí àrùn kan bá fẹ́ kọjá láti agbo ẹran sí agbo gọ̀rílà, wọ́n á tètè mọ̀. Láàárín ìlú, àwọn tọkùnrin tobìnrin tó yọ̀ǹda ara wọn ló ń ti ilé dé ilé. Wọ́n ń kọ́ni bí a ṣe ń fọ ọwọ́, bí a ṣe ń bo ṣáláńgá, bí a ṣe ń sọ fún dókítà bí ikọ́ bá pẹ́ lára ẹni. Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ìfètò-sọ́mọ-bíbí fún tọkọtaya. Nínú ìbẹ̀wò kan náà ni wọ́n ti ń sọ ìdí tí kò fi yẹ ká fi ọwọ́ kan gọ̀rílà tó wọko, àti ẹni tó yẹ ká ké sí. Àwọn mìíràn tún wà tí iṣẹ́ tiwọn jẹ́ láti rọra darí agbo tó bá jáde padà sínú igbó, láìju òkò, láìta ọfà.

Irú ẹ̀kọ́ àyíká yìí ni mo gbóríyìn fún jù, nítorí ẹnu aládùúgbò ló ti ń jáde. Àwọn àgbà wa wí pé bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò bá sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru. Obìnrin tó wọ yàrá aládùúgbò rẹ̀ láti bá a sọ̀rọ̀ ọmọ tó ń wúkọ́, ọ̀rọ̀ gọ̀rílà tó bá sọ tẹ̀ lé e yóò wọlé ju ti àjèjì tó gbé ìwé ìkìlọ̀ dání lọ.

Àjọ Dókítà Gladys tún mọ̀ pé ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kọfí ń ṣe dáadáa lórí ilẹ̀ òkè yẹn, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀ kéré. Lọ́dún 2015, àjọ náà dá òwò kọfí sílẹ̀, Gorilla Conservation Coffee, tó ń ra kọfí lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ẹ̀bá igbó ní iye tó dára jù, tí apá kan owó rẹ̀ sì ń padà sínú iṣẹ́ ìtọ́jú. Àgbẹ̀ tó rí owó kọfí rẹ̀ gbà kò ní fi bẹ́ẹ̀ wá ẹran igbó tàbí igi lọ.

Bí ìrànwọ́ yìí ti ṣe pàtàkì tó hàn gbangba lọ́dún 2020. Àrùn kòrónà dá ìrìn-àjò dúró, owó àlejò gbẹ, ebi dé. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ọdẹ kan tó wọgbó láìgbàṣẹ gún Rafiki pa, akọ àgbà tó ń darí agbo Nkuringo. Ilé ẹjọ́ sọ ọdẹ náà sẹ́wọ̀n ọdún 11. Dókítà Gladys àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò dúró lórí ẹjọ́ nìkan. Wọ́n pín irúgbìn tó ń tètè so fún àwọn ìdílé tí ebi ń pa lẹ́bàá igbó, wọ́n sì kọ́ àwọn ẹ̀ṣọ́ bí wọn yóò ṣe máa lo ìbòmú, kí àrùn má bàa kọjá sára gọ̀rílà.

Ọ̀rọ̀ àwọn Batwa kò gbọdọ̀ ṣubú sẹ́yìn. Inú igbó yìí ni àwọn baba ńlá wọn ti ń ṣọdẹ, tí wọ́n ti ń wá oyin, tí wọ́n sì ti ń já ewé oògùn. Nígbà tí igbó di ọgbà ìjọba, wọ́n lé wọn jáde, ọ̀pọ̀ wọn kò sì rí ilẹ̀ gbà dípò. Gbèsè ni èyí jẹ́ lọ́rùn ìjọba àti gbogbo àwa tó ń yin iṣẹ́ ìtọ́jú igbó, a kò sì tíì san án tán.

Síbẹ̀, iṣẹ́ náà ń so èso. Kíka gọ̀rílà kọ́ ni mo fẹ́ fi yangàn, àmọ́ iye wọn sọ̀rọ̀: àpapọ̀ iye tí wọ́n kà ní Bwindi àti Virunga fi hàn pé gọ̀rílà orí òkè ti lé ní 1,000. Nínú oṣù kọkànlá ọdún 2018, àjọ IUCN yọ wọ́n kúrò ní ìpele àwọn ẹranko tó wà nínú ewu ìparun tó le jù lọ, ó sì gbé wọn sí ìpele tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí àwọn ìran ìnàkí yòókù ń dín kù, tiwọn ń pọ̀ sí i.

Ọ̀rọ̀ yìí kan ilé wa ní Nàìjíríà. Gọ̀rílà ìpínlẹ̀ Cross River, tó ń gbé ààlà wa pẹ̀lú Cameroon, kò tó 300. Lórí òkè Mbe, abúlé mẹ́sàn-án ló para pọ̀ dá ẹgbẹ́ tó ń ṣọ́ igbó wọn sílẹ̀. Lọ́dún 2020, ẹ̀rọ ayàwòrán tí wọ́n so mọ́ igi níbẹ̀ ya agbo kan tó kó ọmọ púpọ̀ lẹ́yìn. Nílẹ̀ Yorùbá pàápàá, ṣinpáńsì ṣì wà nínú igbó Ìsẹ̀ ní Èkìtì àti igbó Ọmọ ní Ògùn, ìran tó kéré jù lọ ní iye láàárín ìran ṣinpáńsì mẹ́rin tó wà láyé. Rachel Ikemeh, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣiṣẹ́ lórí wọn, gba àmì ẹ̀yẹ Whitley lọ́dún 2020. Àwọn agégẹdú àti àwọn tó ń fi oko kòkó jẹ igbó run kò jẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ rọrùn.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọba àti baálẹ̀ tí igbó wà lágbègbè yín, ẹ pe àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ jókòó. Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ dá ẹgbẹ́ ẹranko igbó sílẹ̀ níléèwé yín. Ẹ̀yin oníbàárà, ẹ má ra ẹran ìnàkí, ẹ má sì ra ọmọ rẹ̀ sìn, nítorí wọn kì í sábà rí ọmọ mú láìpa ìyá. Ẹ̀yin tó ní agbára àti owó, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ilé ìwòsàn àti omi fún abúlé tó wà létí igbó. Àwọn ará Bwindi ti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Ó kù sọ́wọ́ wa.