Akẹtẹ̀ Dom Miguel

Ní Gbági, aṣọ lèèyàn kọ́kọ́ ń wò kó tó wo ojú ẹni tó wọ̀ ọ́. Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe wo àwòrán Dom Miguel de Castro, aṣojú olórí Sóyò ní Kóńgò, tí wọ́n gbà pé Jaspar Beckx ló fi ọ̀dà olóròóró yà á ní ilẹ̀ Netherlands, ní nǹkan bí ọdún 1643. Akẹtẹ̀ dúdú tó ní ìyẹ́ pupa, kọ́là funfun fẹ̀rẹ̀gẹ̀dẹ̀.

Àwọn kan ní wọ́n ti sọ ọ́ di òyìnbó dúdú. Ẹ jọ̀ọ́! Ṣé léèsì Austria sọ àwọn ìyá wa di ará Austria ni? A sún ojú ẹ̀ mọ́ra lórí kọ̀ǹpútà: kò jọ ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀.

Àwòrán ìránṣẹ́ ẹ̀ ló dùn wá. Eyín erin ló gbé dání. Lásìkò yẹn, àwọn Dutch ń kó ẹrú láti etíkun yẹn lọ sí Brazil. Eyín erin nìkan ni ayàwòrán jẹ́ ká rí.