Ìránṣẹ́ Tí Kò Mọ Iṣẹ́ Tí Ó Ń Jẹ́

Àwọn tí ń fi kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ní ohun èlò kan tí wọ́n ń lò lójoojúmọ́, tí àwa tí ń ṣe lámèyítọ́ àṣà kì í sì í bojú wò, bí ẹni pé kò sí ohun tí ó kàn wá níbẹ̀. Ojú ewé òfìfo kan ni. Ẹni tí ó ní ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ fi ránṣẹ́ yóò lẹ ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn, yóò tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ̀rọ yóò sì fún un ní àdírẹ́sì. Àdírẹ́sì yìí ni yóò fi ṣọwọ́ sí ẹnì kejì rẹ̀, tí ìyẹn yóò fi rí ọ̀rọ̀ náà kà. Pastebin, tí Paul Dixon dá sílẹ̀ ní 2002, ni ó sọ irú rẹ̀ di gbajúmọ̀. Àwọn tí ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ni a kọ́kọ́ ṣe é fún, kí wọ́n lè máa fi iṣẹ́ wọn han ara wọn. Kò pẹ́ tí oríṣiríṣi ọ̀rọ̀ mìíràn fi bẹ̀rẹ̀ sí í gba ibẹ̀ kọjá. Ní 2011, ẹgbẹ́ olè orí ayélujára tí ń jẹ́ LulzSec sọ ọ́ di pátákó tí wọ́n ń lẹ ohun tí wọ́n jí mọ́.

Ilé onílé ni gbogbo ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń sùn sí. Ẹni tí ó ni ẹ̀rọ lè ka ohun tí a fi pamọ́ síbẹ̀, ó lè fi han ẹlòmíràn, ó sì lè ti ilẹ̀kùn mọ́ wa lọ́jọ́ tí ó bá wù ú. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń wí pé kí oníkálukú gbé tirẹ̀ sílé ara rẹ̀: kí a wá kọ̀ǹpútà kékeré kan, kí a fi ètò náà sínú rẹ̀, kí a so ó mọ́ àwọn kọ̀ǹpútà yòókù inú ọ́fíìsì, kí ará ìta má sì lè dé ibẹ̀. Nínú àwọn ètò tí a lè lò bẹ́ẹ̀, PrivateBin ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Sébastien Sauvage ni ó kọ èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, ZeroBin, ní 2012. Nígbà tí ọwọ́ àwọn mìíràn bọ́ sí iṣẹ́ náà, wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà ní 2016. Ọ̀fẹ́ ni, ẹnikẹ́ni sì lè tú inú rẹ̀ wò.

Bí a bá wo ọgbọ́n inú rẹ̀ fínnífínní, a ó rí i pé kì í ṣe àjèjì sí wa. Kí ọ̀rọ̀ tó kúrò lórí kọ̀ǹpútà ẹni tí ó kọ ọ́ ni ètò náà ti tì í pa. Ọ̀rọ̀ títì yìí nìkan ni ó ń dé ọ̀dọ̀ ẹ̀rọ tí yóò tọ́jú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ wà ní ìparí àdírẹ́sì, lẹ́yìn àmì #, aṣàwákiri tí a fi ń ṣí ojú ewé kì í sì í fi ohun tí ó bá wà lẹ́yìn àmì yẹn ṣọwọ́ sí ẹ̀rọ olùtọ́jú. Olùtọ́jú gbé ẹrù, kò mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀.

Àwọn baba wa ti ṣe irú èyí rí. Àrokò ni wọ́n ń pè é. Ẹyọ owó mẹ́fà tí a sín sí okùn, tí a fi lé ìránṣẹ́ lọ́wọ́, lè máa wí pé ọkàn ẹni tí ó ránṣẹ́ fà sí ẹni tí yóò gbà á. Mẹ́jọ lè wí pé èrò àwọn méjèèjì jọra. Ìró inú ẹ̀fà àti ẹ̀jọ ni kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Gollmer, míṣọ́nnárì ìjọ CMS tí ó ti gbé Àgbádárìgì, tẹ àpilẹ̀kọ kan jáde lórí àrokò ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1885. Nínú rẹ̀ ni a ti rí èyí tí ìgbèkùn kan fi ránṣẹ́ láti Dàhòmì: òkúta, èédú, ata, àgbàdo yíyan àti àkísà. Ara le bí òkúta. Ọjọ́ iwájú ṣú bí èédú. Ọkàn ń ta bí ata. Ara ti gbẹ bí àgbàdo inú iná. Aṣọ ọrùn ti di àkísà. Lẹ́tà tí ó kúrú tó bẹ́ẹ̀, tí ó sì dunni tó bẹ́ẹ̀, kò pọ̀ nínú èyí tí mo ti kà.

Ṣùgbọ́n kí a má fi àfiwé yìí tan ara wa jẹ. Inú èdè ni kọ́kọ́rọ́ àrokò wà, ìránṣẹ́ tí ó bá gbọ́ èdè jinlẹ̀ sì lè ṣí i lójú ọ̀nà. Ti PrivateBin kò rí bẹ́ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kò ní ìtumọ̀ kankan, àmọ́ ẹnikẹ́ni tí àdírẹ́sì bá tẹ̀ lọ́wọ́ ti ní in. Bí a bá kọ àdírẹ́sì náà síbi tí gbogbo ọ́fíìsì ti lè kà á, kọ́kọ́rọ́ ni a so mọ́ ẹrù lọ́rùn. Àwọn tí ó ṣe ètò náà mọ èyí. Wọ́n fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé tí a lè fẹnu sọ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn.

Ohun mìíràn wà tí a pàdánù. Yorùbá ní bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Ẹ̀rọ tí kò mọ ọ̀rọ̀ kò lè tún ọ̀rọ̀ ṣe, kò sì lè kọ̀ ọ́. Ẹni tí ó gbé PrivateBin kalẹ̀ nílé iṣẹ́ rẹ̀ kò lè mọ̀ bóyá lẹ́tà ìfẹ́ ni ó wà nínú àpótí òun, tàbí èébú, tàbí ohun tí a jí. Èyí kò tó ohun tí ó yẹ kí a tìtorí rẹ̀ sọ ètò náà nù, ṣùgbọ́n kò yẹ kí a fi pamọ́ fún ẹni tí ó fẹ́ gbé e wọlé.

Apá tí ó wù mí jù lọ ni ti ọjọ́ ikú. Ẹni tí ó kọ ọ̀rọ̀ lè ní kí ó parẹ́ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, tàbí lẹ́yìn ọdún kan, tàbí kí ó jóná ní kété tí a bá ti kà á tán. Bí a kò bá yan ohunkóhun, ọ̀sẹ̀ kan ni. Ìwé kíkọ wá padà sún mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu, tí a sọ, tí a gbọ́, tí ó sì tán síbẹ̀. Ó dára fún ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé àti fún àṣírí. Fún iṣẹ́ òǹkọ̀wé, ewu ni. Nítorí pé àwọn lẹ́tà àti ìwé ìròyìn ojoojúmọ́ tí Àjàyí Crowther kọ sí ìjọ CMS kò ní ọjọ́ ikú ni a fi rí wọn kà títí di òní. Ilé ìtẹ̀wé tí ó bá sọ irú ètò yìí di ibi ìtọ́jú iṣẹ́ àkọ́kọ́ọ̀kọ rẹ̀ yóò wá a tì lọ́la.

Ní ti ọgbà tí a mọ yí i ká, ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé bí ẹ̀rọ bá ti wà nínú ilé, ó bùṣe. Bí ikú ilé kò pani, tòde kò lè pani. Ètò yìí fúnra rẹ̀ kò gba àṣìṣe náà láyè, nítorí pé aṣàwákiri òde òní kì í gbà kí ojú ewé lo irinṣẹ́ ìtìpa rẹ̀ bí ọ̀nà tí ojú ewé náà gbà wọlé kò bá ní ààbò, ì báà jẹ́ láti yàrá kejì ni ó ti wá. Ìṣòro kan sì kù tí ààbò yẹn kò lè yanjú: ẹ̀rọ tí ń tọ́jú ọ̀rọ̀ ni ó tún ń fún wa ní irinṣẹ́ tí a fi ń tì í. Olùtọ́jú tí ó bá ní ọkàn ìkà lè fún wa ní àgádágodo tí òun ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Àwọn tí ó ni ètò náà sọ èyí ní gbangba, mo sì yìn wọ́n fún un.

Síbẹ̀, ilé ara ẹni ní àǹfààní tí a kò gbọdọ̀ fojú tín-ín-rín. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta, 2024, wáyà ìbánisọ̀rọ̀ mẹ́rin já lábẹ́ òkun nítòsí Abidjan, ayélujára sì di ìjàkadì ní Nàìjíríà àti àwọn orílẹ̀-èdè mìíràn ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Irú ìjáǹbá bẹ́ẹ̀ kò kan kọ̀ǹpútà tí a so mọ́ra nínú ilé kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ yóò máa lọ láti yàrá sí yàrá bí iná mànàmáná bá ti wà. Ìbéèrè tí ó kù ni ti ẹni tí yóò máa bójú tó o. Níbi púpọ̀, ọ̀dọ́ kan ṣoṣo ni ó mọ̀ ọ́n, bí ó bá sì di ará ìlú òyìnbó, ẹ̀rọ di òrìṣà tí kò ní àwòrò.

Àtòkọ ọ̀rọ̀ tí a fi pamọ́ kò sí nínú PrivateBin, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ibi tí a ti lè wá ọ̀rọ̀ kan rí. Ẹni tí ó bá sọ àdírẹ́sì rẹ̀ nù lè tọ ẹni tí ó ni ẹ̀rọ lọ, kí ó sì bẹ̀ ẹ́ títí. Onítọ̀hún yóò ṣí àpótí fún un tinútinú, àwọn méjèèjì yóò sì jọ máa wo àmì jágbajàgba tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò lè kà.